Bọ̀dá Onítáílì àti Ìròyìn Tí Wọ́n Ń Dúró Dè

Bí bọ̀dá onítáílì tí a jọ gbé ilé kan náà ní Ajah ṣe ń dán iṣẹ́ wọn wò ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Wọ́n á fi ìka kan táílì, wọ́n á tẹ́tí. Bí ó bá dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé, "Táílì lè tan ojú, kò lè tan etí."

Nígbà tí àrùn kòrónà dá iṣẹ́ ilé kíkọ́ dúró ní Lẹ́kkí, fóònù ni wọ́n gbá mú. Láti gúrúùpù kan sí òmíràn, ìròyìn ikú ni wọ́n ń kà. Oorun dá lójú wọn, oúnjẹ kò sì lọ lọ́fun wọn mọ́. Ìyàwó wọn sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun kí orí wọn má lọ dàrú.

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí kì í fọkàn tán táílì ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ inú fóònù gbọ́. Mo bi wọ́n pé, "Bọ̀dá, kí lẹ ń wá níbẹ̀ gan-an?"

"Èyí tó máa sọ pé àrùn yìí ti parí. Mi ò fẹ́ kó dé kí n má rí i."

Ìyàwó wọn na ọwọ́. "Bàbá Ìbejì, ẹ gbé e wá. Bó bá dé, màá pariwo, gbogbo Ajah á gbọ́."

Wọ́n wo fóònù náà títí, wọ́n gbé e fún un, wọ́n wọlé lọ dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ híhanrun wọn. Fóònù náà dún lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyàwó wọn wò ó, tó tún un kì bọ ìró, tí kò sì jí wọn.