Ìkúnlẹ̀ Nínú Oòrùn

Kí n má parọ́, dókítà ò ní kí n kúnlẹ̀. Kò sì ní kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ohun tó sọ ò ju pé kí n máa jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ kàn mí lápá àti lẹ́sẹ̀, kí n sì máa lo oògùn tó kọ fún mi. Ìyókù, ọgbọ́n orí mi ni.

Ìju ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ọ̀dù. Mẹ́ta ló wà nílé ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára mi lóṣooṣù débi pé mò ń di ògiri mú kí n tó lè dìde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní fítámì D inú rẹ̀ kéré jọjọ. Dókítà ní lára àwọn obìnrin tí fítámì yìí kéré lára wọn ni wọ́n ti sábà máa ń rí ìju jù, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé oòrùn á wò ó sàn. Ó bi mí pé níbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé ọkọ mi ní Ṣómólú ni, níbi tí mo ti ń to iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí fèrèsé kan. Ó wò mí bí ẹni tó rí iṣu tó hù nínú àpò.

Inú bí mi. Èmi obìnrin dúdú, lábẹ́ oòrùn Èkó, ni wọ́n ní oòrùn ò tó lára mi! A kì í sáà gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́.

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Ní àràárọ̀, kí n tó lọ ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń jáde sí àgbàlá ilé wa nítòsí Fọlá Àgórò. Bí mo bá jókòó, ìju náà á tẹ àpò ìtọ̀ mi, ìtọ̀ á máa gbọ̀n mí, mo bá fi ìrọ̀rí sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lé e. Oòrùn ń wọ̀ mí lójú, mo bá kọjú sí ògiri. Mo tún rò ó pé abẹ́ apá náà yẹ kó jẹ nínú ẹ̀, mo bá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹni tó bá lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí mọ ohun tí ìyẹn jọ. Gbogbo àdúgbò wa ló sì lọ.

Mo ti mú kí ọkọ mi búra pé kò ní sọ ọ̀rọ̀ ìju fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́jọ la ti ṣègbéyàwó, a ò tíì bímọ. Bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ti máa bá a wá ìyàwó kejì. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju ọ̀bẹ dókítà lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, onílé wa, Alhaja kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kó bàbá méjì lẹ́yìn, ó di ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Mo wà ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń gbọ́. Àwọn bàbá náà ṣí fìlà.

“Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀,” Alhaja ní. “Ohun yòówù kí ìyàwó ẹ ṣe, ó ti tó. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko nínú oòrùn! Ṣé ó jalè ni?”

“Alhaja, ẹ gbà mí gbọ́, èmi kọ́ ni mo ní kó kúnlẹ̀.”

“Ta wá ni? Ṣé èmi ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà wúkọ́. “Ẹ̀bẹ̀ la máa ń bẹ òṣìkà pé kó tún ìlú ṣe. Má wo tiẹ̀, tiwa ni kó o wò. Abẹ́g.”

Bí ọkọ mi ṣe ń sẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń le sí i lójú wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló lè gbà á sílẹ̀, ó sì ti búra. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

“Ó ti tán. Mo ti forí jì í.”

“Sọ pé o ò ní fi í sínú oòrùn mọ́ láé.”

“Mi ò ní fi í sínú oòrùn mọ́ láé.”

Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ. Báyìí ni àwọn àgbà ṣe fi ẹ̀bẹ̀ gba ìtọ́jú mi lọ́wọ́ mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rín ti tán. Obìnrin kan tó fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó wá gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó ní ọwọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ ìyàwó ò ní kan ìgbéyàwó ọmọ òun. Ọkọ mi kó pépà rẹ̀ jọ fún un, ó tún dúpẹ́. Ọkùnrin tí kò lè pa adìyẹ Kérésì, tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń pa á! Ojú tì mí gidi. Orúkọ rere rẹ̀ ni mo fi ń bo ikùn mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìrọ̀rí mi, mo tún lọ kúnlẹ̀. Alhaja yọ sí mi, ó figbe ta.

“Ó tún ti dé! Kí lo tún ṣe fún un?”

“Alhaja, kò fìyà jẹ mí rí. Ìju ni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà lára mi. Dókítà ló ní kí n máa yá oòrùn.”

Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo fèrèsé lè gbọ́. Alhaja wọlé lọ. Mo rò pé àwọn bàbá yẹn ló lọ pè. Ẹní ló gbé bọ̀. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rọra kúnlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó nawọ́ sókè.

“Wọ́n gbé ilé ọmọ tèmi jáde nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,” ó ń sọ fún ògiri. “Mo sọ fáyé pé àpẹ́ńdíìsì ni. Ìyá mi nìkan ló mọ̀.”

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kan nínú àwọn bàbá yẹn fi yọjú lẹ́nu géètì, tó rí wa, tó sáré gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọkọ mi ní ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “O tún ti ń fìyà jẹ onílé ẹ náà!”

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, fítámì náà gòkè. Ìju ò kéré sí i, kò sì tóbi sí i, dókítà ò sì gbà kí n sọ pé oòrùn ló dá a dúró. Wọ́n dájọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́, kí ilé ọmọ lè ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ náà, ọkọ mi gbé ìrọ̀rí ìkúnlẹ̀ mi, Alhaja gbé báàgì. Títí a fi dé ibùdókọ̀ Palmgrove ni wọ́n ń kí wa, tí wọ́n ń béèrè ibi tí à ń lọ. Alhaja ń dúró dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóhùn pé ìju la fẹ́ lọ yọ. Kò sọ fún ẹnì kankan pé àpẹ́ńdíìsì ni.