Dísù Pupa Nínú Ọkọ̀ Búrẹ́dì Dympna

Ẹni tó bá ń gbé orí òkè ní Fermanagh, létí ààlà orílẹ̀-èdè méjì, tí kò ní ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́, ọwọ́ Dympna Treanor ló wà. Ọdún méjìlá ni obìnrin yìí ti fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù: búrẹ́dì, tíì, ẹyin, oògùn ẹ̀fọ́rí, bátìrì rédíò. Ojúlé mọ́kàndínlógójì ló ń yà sí, ó sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ṣúgà nínú wọn, bó ti wù kí onítọ̀hún bẹ̀ ẹ́ tó. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé kò lẹ́nìkan o. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní oṣù kẹta, àwọn aládùúgbò ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn ò bèèrè ohun tí wọ́n máa ṣe. Ọ̀kan bọ́ adìyẹ rẹ̀, ọ̀kan kó àga wá láti gbọ̀ngàn ìjọ, àwọn obìnrin gba ilé ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀. Bó o bá ní o fẹ́ fọ ife kan ṣoṣo nígbà tí òkú wà nílé rẹ, ìbínú ni wọ́n máa fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú, Fonsie Cadden dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Àgbẹ̀ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, oko rẹ̀ sì bá ilé Dympna pààlà.

"Mi ò fẹ́ kó o dúpẹ́ o, ọmọ mi," ló wí. "Mo rí i pé epo ti fẹ́ tán nínú ọkọ̀ rẹ. Mo ti rọ ọ́ kún. Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀, àwọn arúgbó ń retí rẹ."

"Fonsie, Ọlọ́run á bù kún yín. Ilé epo wo lẹ ti rà á?"

Fonsie wo bàtà rẹ̀. "Ilé epo kẹ̀? Ṣé mi ò ní táǹkì lóko ni?"

Ta ni kò mọ ohun tó wà nínú táǹkì Fonsie? Dísù pupa ni, epo katakata, tí kò ní owó orí epo ojú títì nínú, tí ìjọba sì po aró mọ́ kó má baà ṣeé fi pamọ́. Bí àwọn aṣọ́bodè bá bá a nínú ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà, owó ìtanràn á tẹ̀lé e, ẹni tọ́rọ̀ bá le fún á sì dé iwájú adájọ́. Láìsí ọkọ̀ yẹn, Dympna kò níṣẹ́, ojúlé mọ́kàndínlógójì kò sì ní búrẹ́dì.

"Ta ló máa yẹ ọkọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ wò?" ni Fonsie wí. "Wà á fún ọjọ́ mẹ́ta, á jó tán. Ogún ọdún ni jíìpù tèmi ti ń mu ún, ṣé ó kú ni?"

"Kò kú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igbó lẹ máa ń gbà lọ sọ́jà bí olè adìyẹ!"

Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí pé ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó gbé pósí ìyá òun lánàá. Fonsie dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ó dun Dympna gan-an. Oore ni, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Bí o bá da oore aládùúgbò dànù lórí òkè yẹn, wọ́n á máa fi pìtàn fún ọmọ ọmọ rẹ. Ó jókòó ti fóònù títí tíì rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà, ó pe ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí? Lẹ́bàá ààlà yẹn, èèyàn á pe Sàtánì kó tó pe aṣọ́bodè.

Obìnrin tó gbé fóònù kò jágbe mọ́ ọn. "Ẹ má wà á o. Ẹ fa gbogbo epo yẹn jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ táǹkì, kí wọ́n pààrọ̀ àsẹ́ rẹ̀, torí aró yẹn máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ pè wá. Ta ló rọ ọ́ sí i?"

"Ẹni tó fẹ́ràn ìyá mi," ni Dympna wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Fonsie. "Epo katakata yín wà nínú ọkọ̀ mi, ebi sì ń pa katakata. Mi ò lè dá a fà jáde."

Fonsie ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. "Ṣé wọ́n lè gba ọkọ̀ yẹn lóòótọ́?"

"Wọ́n á gbà á. Cissie á wá máa jẹ ọ̀dùnkún láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú."

Cissie ni ẹ̀gbọ́n Fonsie, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, tó ń gbé nínú ilé tó jìnnà jù lórí òkè. Ẹ̀rín pa Fonsie. "Cissie kẹ̀? Á fi igi lé mi!" Ó gbé rọ́bà àti garawa. Inú òjò ni wọ́n ti fa epo náà, wọ́n dá a padà fún katakata, ẹ̀kán kan kò ṣòfò. Mẹkáníìkì fọ táǹkì, ó pààrọ̀ àsẹ́. Kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Cissie ti rí búrẹ́dì gbà.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Dympna ń gbé búrẹ́dì lọ fún alásè ọjà màlúù. Àwọn aṣọ́bodè ti dúró lẹ́nu géètì ọjà. Àwọn awakọ̀ kan ṣàdédé rántí pé àwọn gbàgbé nǹkan sílé, wọ́n ń ṣẹ́rí padà. Dympna kò lè padà, kò sì ní padà. Aṣọ́bodè ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ táǹkì rẹ̀, ó fa epo sínú ìgò kékeré, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Aró yẹn máa ń pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti sọ fún Dympna.

"Ó mọ́. Ẹ máa lọ."

Ó mí kanlẹ̀. Àfi bó ṣe bojú wẹ̀yìn tó rí jíìpù Fonsie, òun ló kàn! Ó wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Fonsie ti ṣí ìdérí táǹkì fúnra rẹ̀ kí aṣọ́bodè tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ìgò sókè. Ó mọ́ kedere. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ti ní kí mẹkáníìkì kan náà fọ ti òun náà.

Ó wa jíìpù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dympna, ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ọmọ mi," ló wí, "ogún ọdún ni mo fi ń gba ẹ̀yìn igbó wá sọ́jà yìí. Mi ò mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni téèyàn bá gba ojú títì."