Ẹsẹ̀ Tí Kò Dúró Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Gbogbo ẹni tó bá ń wo fíìmù ló ti gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin yìí rí, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó tuntun tó ń rìn wọ ilé ọkọ, òun ni. Olè tó ń yọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, òun náà ni. Nígbà kan ó ṣe odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, òun nìkan ṣoṣo, lórí àpótí tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ kún. Bí ẹṣin bá sì ń sáré nínú fíìmù, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu, èèpo àgbọn méjì ló ń gbá mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, tó tún ń fi imú ara rẹ̀ fọn bíi ti ẹṣin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, kó wá dán an wò. Nígbà tí wọ́n bá ń ya fíìmù, ohùn ẹnu àwọn òṣèré ni wọ́n máa ń lé kiri. Ìró bàtà, ìró aṣọ, ìró ife lórí tábìlì, gbogbo ìyẹn kì í jáde dáadáa. Ẹnì kan ní láti wo àwòrán náà lẹ́yìn náà, kó sì ṣe ìró yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kó bá a mu. Yàrá tí Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ ti ń ṣe tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, kò ní fèrèsé. Àwọn ilẹ̀kùn kan dúró láàárín yàrá náà tí wọn ò wọ ibì kankan. Àtẹ̀gùn onípákó kan wà tó gùn dé ìdajì ògiri, tó wá parí síbẹ̀ bí ìlérí ọ̀mùtí. Bàtà ló kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri: ti ọlọ́pàá, ti nọ́ọ̀sì, sálúbàtà arúgbó, bàtà gogoro oríṣiríṣi. Lẹ́yìn gíláàsì ni ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ máa ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin yìí. Bó bá ti gbójú sókè báyìí, Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ ti mọ̀ pé òun ní láti tún un ṣe.

Bàtà ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Nígbà tó kúrò nílé ọkọ, tòun ti ọmọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbà lọ, ẹ̀gbọ́n yẹn sì ń tún bàtà ṣe. Ẹ̀gbọ́n ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Bàtà ẹ ti já. Bọ́ ọ wá kí n bá ẹ rán an. Bàtà tó já ló ṣeé rán. Ọkọ tó já, ká jù ú síta ni." Bó ṣe di ẹni tó ń gbé bàtà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ṣe lọ sí sítúdíò nìyẹn, títí di ọjọ́ tí bàbá àgbàlagbà tó ń rìn fún wọn níbẹ̀ kò lè dìde mọ́ nítorí ìbàdí tó ń dùn ún, tí wọ́n ní kí aláàárù bàtà bá wọn dán ìṣísẹ̀ díẹ̀ wò. Ó dán an wò, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Owó ibẹ̀ ló fi tọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọkọ tó já yìí. Ó ti di olùdarí fíìmù ńlá. Ó ti hu irùngbọ̀n funfun tó gé rémúrémú, ó sì máa ń wọ awò dúdú nínú ilé, àfi bí ẹni pé oòrùn ń ràn lábẹ́ àjà. Ó wá ṣe fíìmù ìfẹ́ kan, ó pè é ní *Ilẹ̀kùn Tí Mi Ò Ṣí*. Ìtàn náà kò ṣòro: ọkùnrin kan àti obìnrin kan fẹ́ràn ara wọn gan-an, wọ́n jà, obìnrin náà jáde, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kí ọkùnrin náà pe òun padà, ọkùnrin náà ò ṣílẹ̀kùn, ó sì ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rántí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá wò ó á sunkún gidi.

Olùdarí fúnra rẹ̀ ló pè é lórí fóònù.

"Ẹsẹ̀ rẹ gan-an ni mo fẹ́ nínú ẹ̀," ni ó wí. "Kò sẹ́ni tó lè rìn ín bíi tìẹ. Ìtàn wa ni."

"Ìtàn wa?" ni Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ dá a lóhùn. "Ó dáa. Gbé e wá."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, ó ju òòlù sílẹ̀. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ọkùnrin yẹn! O tún fẹ́ lọ máa rìn fún un?"

"Tí mi ò bá rìn ín, ẹlòmíì á wọ bàtà mi rìn. Mi ò sá lọ́jọ́ yẹn, ṣé òní ni kí n wá máa sá?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ lára jù, ẹnu ọmọ rẹ̀ ló ti jáde. Ọmọ yẹn ti dàgbà. Ó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, ó sì gbójú bí ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ máa ń rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni rántí agbòjò lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Bàbá náà ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i pé kó wá wo fíìmù lọ́jọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e jáde. Ọmọ náà wá sílé ìyá rẹ̀ wá jẹun, ó bọ́ bàtà iṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, mo ti ka ìtàn fíìmù yẹn nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó dùn o. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, ilẹ̀kùn kan." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń yí ṣíbí ká nínú àwo. "Níbo lèmi wà níbẹ̀?"

Kò sí ọmọ kankan nínú fíìmù náà. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá, bí ẹni yọ òkúta nínú ìrẹsì. Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ lè fara da kí wọ́n purọ́ mọ́ òun, irọ́ ò pa á rí. Àmọ́ kí ọmọ òun jókòó sáàárín èrò, kó máa wo ìtàn ìyá àti bàbá rẹ̀ tí òun ò sí níbẹ̀, ìyẹn kọjá ohun tí ara gbà. Ó pinnu lóru ọjọ́ yẹn pé ọmọ òun máa wà nínú fíìmù náà, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ rí i.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò fi ìbínú ba iṣẹ́ jẹ́ o, ẹ má ṣì í mú. Ibi tí àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ti ń sáré létí òkun, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ sínú àpótí iyanrìn, ó sáré tọkàntọkàn, nítorí ní tòótọ́, òun àti ọkọ rẹ̀ sáré bẹ́ẹ̀ rí. Òṣèré tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣe obìnrin náà wọ aṣọ pupa rúsúrúsú kan tó jọ èyí tí Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ ní nígbà náà, ó ń da orí sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ ní kí wọ́n dá a dúró díẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tí kò débì kan, ó sunkún. Ìfẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn, pé ẹni tó ba nǹkan gidi jẹ́ ló tún ń tà á lówó gọbọi. Nígbà tó nu ojú tán, ó padà sínú iyanrìn.

Wọ́n ṣe é títí, ó ku ibi ilẹ̀kùn. Olùdarí wá fúnra rẹ̀, ó jókòó ti ọkùnrin agbohùnsílẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ó ń gba inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ sí i.

"Ibi tó ṣe pàtàkì jù la dé yìí. Ojú ọkùnrin náà nìkan la máa rí. Obìnrin náà ti jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ la kàn máa gbọ́. Ó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó máa dúró. Jẹ́ kó dúró pẹ́ dáadáa. Ó ń retí pé kí n pe òun. Lẹ́yìn náà kó padà sókè ní ìṣísẹ̀ kan, kó tó wá lọ."

"Ta ló dúró?"

"Ìwọ... obìnrin yẹn."

"Mi ò dúró."

"O dúró. Mo gbọ́ ọ. Mi ò jẹ́ gbàgbé láé."

"Ohun tó o gbọ́ ni ìró ohun tó o fi ń gé èékánná ẹsẹ̀ ẹ," ni Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ wí. "Tó o bá fẹ́, mo lè bá ẹ fi kún un. Mo ní ọ̀kan níbí."

Agbohùnsílẹ̀ tẹ orí ba, ó ń wá nǹkan tí kò sọnù lábẹ́ tábìlì.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí gan-an. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ọkùnrin yìí sọ pé igbe ọmọ ò jẹ́ kí òun ronú, pé kó gbé e lọ ná, kí òun lè kọ ìwé eré. Obìnrin mìíràn sì ti wà tí igbe tirẹ̀ ò dí i lọ́wọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ sọ fún un pé bí òun bá pọn ọmọ yìí jáde, àwọn ò ní padà. Ọkùnrin náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gé èékánná, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Pa ilẹ̀kùn dé tó o bá ń lọ." Àṣé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nínú yàrá iṣẹ́ náà, Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ fa àpò iyanrìn kékeré kan yọ lẹ́yìn àpótí, ó kẹ̀yìn sí ògiri kí wọ́n má baà rí i, ó pọ̀n ọ́n, ó fi aṣọ gbà á dáadáa, ó so ó níwájú. Ó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ, nítorí bàtà gogoro kọ́ ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Lórí àwòrán, ilẹ̀kùn pa dé, ọkùnrin náà fi iwájú orí tì í, omi lé sí i lójú.

Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń bọ́ gbì, gbì, bíi ti ẹni tó gbé ẹrù tí kò fẹ́ kó já bọ́. Kò sáré, kò fà. Ibi tí ìwé eré ní kó dúró kọjá, kò dúró. Ó bọ́ sórí táìlì, ó kọjá, ó bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ẹsẹ̀ náà fi di wínníwínní lẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún.

Ohùn olùdarí bú jáde nínú ẹ̀rọ. "Kí ló dé tó ò dúró? Ẹsẹ̀ yẹn tún ti wúwo jù! Ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Kí lo gbé?"

Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí gíláàsì kó lè rí i.

"Ọmọ ẹ ni."

Olùdarí bọ́ awò dúdú kúrò lójú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣé o pọ̀n ọ́n rí ni?"

"Jọ̀ọ́, tún un ṣe. Bó ṣe wà nínú ìwé."

Ó fàáké kọ́rí. "Mi ò ṣe. Bí mo ṣe rìn nìyẹn."

"N óò wá ẹlòmíì."

"Bàtà nìwọ̀nyẹn, àtẹ̀gùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó rin gbogbo ẹ̀ o. Kó rin etí òkun, kó rin ijó tá a jó, kó rin gbogbo ibi tó ń dùn mọ́ ẹ láti rántí. O ò lè mú ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ wá bá ẹ, kó o wá ju èyí tó fi ẹ́ sílẹ̀ nù."

Ọkùnrin náà jáde láìdágbére. Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ tú aṣọ, ó sọ àpò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò mọ èyí tí olùdarí máa mú, kò sì pè é láti bi í. Ó lọ sílé lọ jẹun.

Lọ́jọ́ tí fíìmù jáde, ó jókòó sáàárín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ nílé sinimá. Ẹ̀gbọ́n ti wo bàtà gbogbo èrò tó wọlé, ó ti dá wọn lẹ́jọ́. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù, Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀ di apá àga mú. Ilẹ̀kùn pa dé. Ojú ọkùnrin náà kún gbogbo ara ògiri, tòun tomijé.

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì. Ó dé ibi tó yẹ kó dúró, ó kọjá níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wọn kùn pé, "Áà, eléyìí ò mà dúró o." Ẹ̀gbọ́n pòṣé sí i.

Ọmọ rẹ̀ fẹnu sí i létí. "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹsẹ̀ yẹn wúwo báyẹn?"

"Ìwọ ni mo pọ̀n."

Ọmọ náà tẹ́tí sí i lórí táìlì, ó tẹ́tí sí i lórí òkúta wẹ́wẹ́, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti wá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ ò tiẹ̀ dúró rárá."

"Kí n dúró de ta? Ẹni tí mo fẹ́ mú jáde ti wà lẹ́yìn mi."