Áàpù Àṣírí Tí Gbogbo Ìlá Ti Ń Lò

Olè adìẹ ò ba Kàbírù lẹ́rù. Olè ọgbọ́n ló ń bẹ̀rù. Fóònù ló ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì dá a lójú pé gbogbo olówó Èkó ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù òun.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Àsíátù, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kéwú ni ìyá náà lọ, kò dé iléèwé rí. Yóò ka Kùránì délẹ̀ láìmí, àmọ́ bí ìròyìn Yorùbá bá wọ orí fóònù rẹ̀, àfi kó bẹ ọmọ-ọmọ kó bá òun kà á. Ni Kàbírù bá kọ áàpù kan. Ojú ewé Yorùbá yòówù tí ìyá bá ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, áàpù á yí i sí lẹ́tà Lárúbáwá, á bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, á sì sọ ọ́ di ńlá fún ojú àgbà. Lọ́jọ́ tí ìyá kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ka ìròyìn, ó bú ìjọba títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kàbírù fẹ́ gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń dá ohun tuntun mọ́ ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é. Látìgbà náà, abẹ́ ìrọ̀rí ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń sùn. Bí ewúrẹ́ bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, á yára pa á dé. Ó kìlọ̀ fún ìyá pé kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni.

Ìyá gbọ́. Jàmíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́ àdúrà àsàlátù nìkan ló kàn fi hàn. Àwọn yẹn gbà á sórí fóònù tiwọn, ó sì ti dé Òkè-Ìlá, ó dé Ìgbájọ, kí ọbẹ̀ ìyá tó jinná.

Ọmọ Ìlá ni Ọládùnní, lọ́yà tí Kàbírù àti ìyá lọ bá ní Òṣogbo nítorí pátẹ́ǹtì náà. Ó gbọ́ tẹnu wọn tán, ó ní ohun tí gbogbo ayé ti ń lò kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin pátẹ́ǹtì. Ó ní ká tiẹ̀ ní wọ́n fi pamọ́, ó ṣòro kí ìjọba tó gbà pé yíyí ìrísí ọ̀rọ̀ padà lójú fóònù tó ohun tí wọ́n ń pè ní ìhùmọ̀.

Kàbírù kọjú sí ìyá. "Ìyá mi, mo ní kẹ́ ẹ má fi han ẹnikẹ́ni."

"Ṣé Jàmíátù ni ẹnikẹ́ni?" ni ìyá dáhùn. "Mo rí ìmọ̀, kí n wá dì í mọ́ra bí ẹni di gààrí? Sàráà ni mo fi ṣe fún ẹ."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Kàbírù, fara balẹ̀. Áàpù tó o kọ, tìẹ ni, bí ìwé ṣe jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Ẹlòmíràn lè ronú kan irú ẹ̀, kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ tiẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ da tìẹ kọ. Ta ló lè jẹ́rìí pé ìwọ lo kọ ọ́?"

Ìyá ní gbogbo àsàlátù láti Ìlá dé Ìgbájọ ni, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ Kàbírù ṣàdúrà. Lọ́yà ní ẹlẹ́rìí tó tó báyẹn ò lè wọ kóòtù, àfi kí adájọ́ kó ìjókòó lọ sí pápá bọ́ọ̀lù.

Kàbírù padà sílé, ó ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ gbayawu, ewúrẹ́ ń wò ó. Ilé kéwú kan ní Ìgbájọ ti ránṣẹ́ pé kó wá fi áàpù náà kọ́ àwọn ìyá àgbà àwọn. Kó tó lọ, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé pé: "Kàbírù ọmọ Àsíátù ló ṣe é."

Ìyá gba fóònù, ó kà á láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó tún un kà. Ó ní iṣẹ́ náà dára o, àmọ́ orúkọ òun ti kéré jù níbẹ̀.