Páálí Àwo Tí Ìyá Mi Fún Mi

Nígbà tí mò ń lọ bá ọkọ mi ní Houston, ìyá mi kó àwo tánganran olódòdó sínú páálí fún mi. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ tú u títí a ó fi ní ilé tiwa. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn: àwo tó bá dára, àlejò ló ni ín. Ni páálí bá jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé tí a háyà ní Greenspoint, àwa sì ń jẹun nínú àwo ike tí ata ti sọ di pupa.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi nílé iṣẹ́ ìfọpo tó wà ní Baytown. Ó wá jókòó sílé, ó ń wo ògiri. Ó ní ká máa lọ sílé, pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Mo ní oko wo, èyí tí a ò tíì kórè? Mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, n ò sì fẹ́ lọ rárá.

Ní Sátidé kan tí ẹ̀rọ amúlétutù wa bàjẹ́, mo wọ́ ọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, torí ọ̀fẹ́ ni atẹ́gùn tútù ibẹ̀. Níbẹ̀ la ti rí abọ́ kan láti ilẹ̀ Páṣíà ayé àtijọ́. Amọ̀ pupa lásán ni. Wọ́n fi ẹfun rẹ́ ẹ, wọ́n ya ẹyẹ sí àárín rẹ̀, wọ́n fi Lárúbáwá kọ àdúrà yí etí rẹ̀ ká fún ẹni tó ni ín. Àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní abọ́ ọba kọ́; àwọn ará ìlú ló ń fi í jẹun lójoojúmọ́.

Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì. "Wo inú ẹ̀, wọ́n ti ha á. They really used it o. Wọn ò tọ́jú ẹ̀ de àlejò kankan."

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre, ebi ń pa mí," ni mo sọ fún un.

Nígbà tí a délé, mo lọ kó aṣọ tí mo fọ̀ nísàlẹ̀. Kí n tó padà, ó ti wọ́ páálí ìyá mi dé àárín pálọ̀. Mo rò pé ó ti ń dẹrù.

"Ẹ máa lọ o!" Mo da aṣọ sílẹ̀. "Èmi ò bá yín lọ síbì kankan!"

Ó fi ọ̀bẹ gé okùn páálí, ó yọ àwo méjì, ó fọ̀ wọ́n, ó gbé wọn sórí tábìlì.

"Bu ìrẹsì sí i," ló wí. "On Monday, mo fẹ́ lọ wá iṣẹ́ ní àwọn ọsibítù Medical Center."

Mo sunkún débi pé n ò rí ìkòkò mọ́. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé a ti tú páálí náà, wọ́n bú mi dáadáa.

Àwọn àwo náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ ò lè rí òdòdó kankan lára wọn mọ́. Ṣíbí wa ti ha gbogbo rẹ̀ tán.