Súwè Orí Ilẹ̀ Kòkó

Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi kò bá dán. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó bá ìyá mi lọ sóko, ọwọ́ mi kò sì mọ́ ìwé kíkọ.

Bàbá kan wà ní ìjọ wa ní Àrámọ̀kọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ èdè Hébérù nílé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ ka Sáàmù kan ní Hébérù lọ́jọ́ ìkórè. Èmi tí mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí n máa kó wọn jọ, mo sì bá wọn kọ́ ọ. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ń tòògbé, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya súwè sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a ń sá kòkó sí. Mo kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú ilé kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀tún lọ sí òsì, bí wọ́n ṣe ń kà á. Ọmọ tó bá fò sínú ilé kan á pe lẹ́tà ibẹ̀. Èmi tí ohùn mi kì í jáde láwùjọ, orí ilẹ̀ yẹn ni mo ti di ẹnìkan. Mo ti ń rí ara mi níwájú wọn lọ́jọ́ ìkórè.

Àfi bí ọmọ-ọmọ Bàbá ṣe dé láti yunifásítì ní Adó. Ó gé páálí wẹ́wẹ́, ó kọ lẹ́tà sí i, ó ń pín in bíi káàdì wọ́ọ̀tì. Àwọn ọmọ bò ó. Ọmọbìnrin tó máa ń gbé ṣọ́ọ̀kì mi dání gan-an, “Àǹtí Adó” ló kù lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń wo ojú sánmà. Mo tiẹ̀ ń wòye òjò tí yóò pa páálí yẹn.

Ní Sátidé kan, ó da káàdì pọ̀, ó na lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Dálẹ́tì sí ọmọ tó mọ súwè mi jù. Ọmọ náà wò ó títí, ó wá kọjú sí mi.

“Àǹtí, ulé kẹlòó ni?”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó kàn wọ́n, Réèṣì, lẹ́tà tó fi ara jọ ọ́, ni wọ́n ń pe Dálẹ́tì. Àǹtí Adó kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àbúrò, ẹsẹ̀ wọn ló mọ̀ ọ́n kà. Ojú wọn kò tíì mọ̀ ọ́n.”

Àbúrò, èmi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́! Bàbá ní kí Àǹtí Adó kúkú dúró níwájú àwọn ọmọ lọ́jọ́ ìkórè. Mo ní ó dáa, sà. Nígbà tí mo délé, n kò lè jẹ iyán. Mo sọ fún ìyá mi pé orí ń fọ́ mi. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni Àǹtí Adó pa ni, ì bá sàn fún mi. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀nà kan náà ni mo ń to lẹ́tà wọ̀nyẹn lójoojúmọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í sá kòkó, mo bu omi, mo fọ súwè náà kúrò. Mo ya òmíràn, mo da lẹ́tà rú, mo fi Dálẹ́tì àti Réèṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo fi ilé kan sílẹ̀ lófìfo, mo gbé ṣọ́ọ̀kì tó kù sínú rẹ̀ de Àǹtí Adó kí ó kọ tirẹ̀ sí i, mo sì gbé ìgbálẹ̀ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.