Abọ́ Àwọn Ìyàwó Akínọ̀ṣọ́

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó ní nǹkan lẹ́nu gbé e mì ná, nítorí ọ̀rọ̀ abọ́ oúnjẹ lọ̀rọ̀ yìí, ẹnu tó kún kò sì lè bá ni dá sí i.

Obìnrin méjì ló ń gbé àjà kejì ilé kan ní Jakande Estate, Ìlasàn. Akínọ̀ṣọ́ ló fẹ́ àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà wa mọ́tò fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti kú. Ìyálé ni Ìyá Clement, obìnrin gíga tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń la igi. Ìyàwó kékeré ni Ìyá Bọ̀sún, kúkúrú, ẹlẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ síbì kan, kàtàkàtà kò lè wọ́ ọ kúrò níbẹ̀.

Láràárọ̀, bí aago méje bá ti lù, wọn á gbé àpótí méjì sí ẹnu ọ̀nà, wọn á gbé abọ́ tánganran elétí búlúù kan sáàárín, wọn á fọwọ́, wọn á sì jọ jẹun nínú rẹ̀. Òfin kan ló wà: ẹni tó sè é ni yóò kọ́kọ́ bu òkèlè kan gbé mì, kí ẹnì kejì tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò kò dá a dúró, ibà kò dá a dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Akínọ̀ṣọ́ pàápàá, ẹ̀kọ tútù ni wọ́n jọ jẹ nínú rẹ̀, tòun tomijé.

Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ikú ni.

Ìyá Clement bí ọmọkùnrin kan tẹ̀lé Clement, Dúrósinmí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni lọ́jọ́ tó jẹ ẹ̀wà tí ìyàwó kékeré sè. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti ń bì, ó ń yàgbẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti lọ. Ìyá Clement kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró láàárín ọgbà níwájú gbogbo ará ilé, ó na ìka sí orogún rẹ̀ tó gbé oyún oṣù méje, ó ní, "Ìwọ lo pa á. Ọwọ́ rẹ lo fi pa á." Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ọmọ mẹ́ta mìíràn kú ládùúgbò, àwọn elétò ìlera wá, wọ́n wo kànga, wọ́n ní àrùn onígbáméjì ló wà nínú omi. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ìyá Bọ̀sún kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyálé rẹ̀ mọ́, ìyálé náà kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ ẹni tí a ti pè ní apànìyàn.

Ìyá Ìjọ ló pè wọ́n, arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n jọ ń lọ. Kò wàásù. Ó ra abọ́ kan lọ́jà, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ó ní, "Inú èyí lẹ ó ti máa jọ jẹun láàárọ̀. Ẹni tó sè é ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú yín bá yọwọ́, ìjà ti padà nìyẹn." Ìyá Ìjọ ti sùn ó ti pẹ́. Abọ́ ṣì wà.

Oyún ọjọ́ yẹn la bí tí a sọ ní Bọ̀sún. Ó kàwé, ó ríṣẹ́ sí báńkì, ó sì ń gbé ẹ̀sítéètì onígéètì kan báyìí lójú ọ̀nà Addo, lẹ́bàá Ajah. Níbẹ̀ ni ààwẹ̀ tuntun ti mú gbogbo ará ẹ̀sítéètì náà. Kì í ṣe ààwẹ̀ tí a fi ń bẹ Ọlọ́run, kì í ṣe ti Rámádáànì. Ààwẹ̀ aláago ni. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ẹnu ti padé nìyẹn, ó di aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì kí fóònù tó ké pé kí ẹnu ṣí. Omi nìkan ló lè kọjá láàárín.

Ó wá débi pé àlejò ń wọlé tọ ara wọn láìsí ẹni tó ń sọ pé ẹ wá jẹun. Onílé kò mọ̀ bóyá ẹnu àlejò ti ṣí, àlejò náà kò mọ̀ bóyá ti onílé ti padé. Ìyá Clement bá Bọ̀sún lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan níbẹ̀. Wọ́n gbé oyin kọjá níwájú ogún èèyàn, àwọn mẹ́jọ péré ló tọ́ ọ.

"Àwọn tó kù wá ńkọ́?" Ìyá Bọ̀sún bi í nígbà tó délé.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín sí oyin. Ọmọ tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí oyin rẹ̀, ta ni yóò bá a mọ adùn ayé?"

Ìyá Clement rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onígéètì ni, pé kò lè dé Jakande. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé kan. Òun ló sè láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkọ́kọrẹ́ tó fi ewùrà rínrin sè, tó ju edé àti ẹja gbígbẹ sí, pẹ̀lú ẹ̀bà tútù bí àwọn ará Ìjẹ̀bú ṣe ń jẹ ẹ́. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì, ó ń dúró.

Ìyá Bọ̀sún kò fọwọ́. Ife omi ló gbé dání.

"Ẹ máa jẹ tiyín, Ìyálé mi. Tèmi di aago kan."

"Aago kan kí ni?"

"Kí n tó jẹun. Bọ̀sún ti ṣe é sórí fóònù mi. Ẹ wò ó, ó ń ka wákàtí."

Ìyá Clement kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó wo fóònù náà dáadáa. "Mo rí nǹkan pupa kan tó rí roboto. Kò jọ ẹni tó ti sebẹ̀ rí."

"Nítorí orúnkún mi ni, ẹ jàre. Wọ́n ní ara á fúyẹ́."

"Orúnkún ló ń dùn ọ́, ẹnu lo wá tì."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín Ìyá Clement kò kọjá eyín. Ó dé abọ́. Ọwọ́ kan kì í dá wọ inú abọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́rú, Ìyá Dábírà tó ń gbé ìsàlẹ̀ gòkè wá, ó rí àpótí méjì àti ẹnì kan.

"Ìyá Clement, ẹ mà dá jókòó. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí."

"Mo ní kí n kàn bèèrè ni. Àwọn kan ń sọ nísàlẹ̀ pé àwọn ìyàwó Akínọ̀ṣọ́ ti pín abọ́."

"Sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n lọ pín tiwọn."

Ẹnu rẹ̀ le, inú rẹ̀ kò le. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ọkọ ti kú. Ìyá Ìjọ ti kú. Kò sí ẹni tó ń di ọwọ́ orogún mi mú mọ́. Ṣé kì í ṣe pé ó ti rí ọ̀nà tó ní ọ̀wọ̀ nínú tí yóò fi yọwọ́ nínú abọ́ mi? Nítorí ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àyàfi òun: láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò tíì lanu sọ rí pé, mo ṣẹ̀ ọ́. Òkèlè tó ń kọ́kọ́ gbé mì láràárọ̀ ló fi ń sọ ọ́. Bí ẹnì kejì kò bá wá jókòó síbẹ̀ mọ́, ta ni yóò máa gbọ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Bọ̀sún wá fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn yóò jọ rìn fún ìlera lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá Clement lọ sí àdúrà òwúrọ̀, ó dé, kò bọ́ sùtánà funfun rẹ̀, ó tún ìkọ́kọrẹ́ sè, ó tẹ ẹ̀bà sí i. Ó bu méjèèjì sínú abọ́ elétí búlúù, ó fi aṣọ funfun dì í, ó gbé e rù. Ó wọ bọ́ọ̀sì korópe dé Ajah, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wọ ọ̀nà Addo, láìwọ bàtà, nítorí ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà.

Àyúbà tó ń ṣọ́ géètì rí arúgbó aláṣọ funfun kan tí kò wọ bàtà, tó ru nǹkan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ó jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà. Wọn kì í gbé irú rẹ̀ wọlé níbí. Oríta wà lọ́hùn-ún."

"Irú kí ni?"

"Mi ò pe ohun kan ní nǹkan, mà. Kóòdù ìwọlé yín dà?"

"Mi ò ní kóòdù. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo ní." Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí i. Òórùn edé na Àyúbà nímú, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "O ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Rárá, mà."

"Àbí ìwọ náà ń gba ààwẹ̀ aláago?"

"Èmi kẹ̀? Màmá, ebi tèmi ò ní aago."

Ìyá Clement dárúkọ Bọ̀sún, Àyúbà pè é lórí fóònù, ó ṣí géètì.

Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Bọ̀sún wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Fúnminíyì àti Tolúwani. Ìyá Bọ̀sún wà láàárín wọn nínú bàtà kánfáàsì. Olúkúlùkù gbé ife omi tí wọ́n gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Bọ̀sún kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ sì ti bọ́ sára abọ́.

"Ìyá Àgbà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó di aago kan. Ó kù díẹ̀. Bí Màámi bá jẹ ẹ́ báyìí, gbogbo ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ti kó jọ ló máa padà sí òdo."

"Ọjọ́ márùn-ún," ni Ìyá Clement wí. "Èmi ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Èwo lo fẹ́ kó padà sí òdo nínú méjèèjì?"

Ó gbé abọ́ lé orí tábìlì onígíláàsì. Ó fọwọ́. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì lójú gbogbo wọn. Ó wá kọjú sí orogún rẹ̀.

"Ìyá Bọ̀sún, ṣé ọwọ́ mi lò ń bẹ̀rù?"

"Ẹ̀rù kí ni wọ́n ń sọ, Màámi?" Bọ̀sún bèèrè.

"Kò sọ fún ọ," ni Ìyá Clement wí. "Ó ṣeun tí kò sọ ọ́. Nígbà tí o wà nínú rẹ̀, ọmọ mi kú, mo sì pè é ní apànìyàn níwájú gbogbo Jakande. Omi kànga ló pa ọmọ mi. Mo gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Òkèlè yìí ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Ìwọ wá ti ilẹ̀kùn ẹnu rẹ̀, o fi kọ́kọ́rọ́ sínú fóònù. Kí ni kí n máa fi bẹ̀ ẹ́?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Bó ṣe dúró sọ ti ọjọ́ yẹn láàárín ọgbà ló ṣe dúró sọ èyí. "Mo purọ́ mọ́ ọ, Àjọkẹ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnì kan ti pè é ní Àjọkẹ́ kẹ́yìn, nígbà tí ọkọ wọn wà láyé. Ìyá Bọ̀sún gbé ife omi sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, Ìyálé mi. Mo ti mọ̀ pé ẹ ń bẹ̀ mí. Mo máa ń rí bí ẹ ṣe ń wò mí bí ẹ bá ti gbé òkèlè yẹn mì. Bí mo bá bẹ̀rù ọwọ́ yín ni, ṣé n ó jẹ oúnjẹ yín fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n?"

"Kí ló wá dé tí o yọwọ́?"

"Nítorí pé ó wù mí." Ó wo ìyálé rẹ̀, ó sì wo ọmọ rẹ̀. "Kò sí ẹni tó ti ẹnu mi, Bọ̀sún kọ́, kò sì sí ẹni tó máa fagbára ṣí i. Akínọ̀ṣọ́ sọ ohun tí n ó jẹ. Ìyá Ìjọ sọ abọ́ tí n ó ti jẹ ẹ́. Ẹ̀yin sọ aago tí n ó jẹ ẹ́. Èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo dá yàn. Orúnkún mi fẹ́ ẹ, èmi náà fẹ́ ẹ. Mi ò ní fi sílẹ̀."

Ìyá Bọ̀sún fọwọ́, ó bu òkèlè kan ṣoṣo, ó fi kan ìkọ́kọrẹ́, ó gbé e mì.

"Èyí tiyín nìyẹn. Ìyókù di aago kan."

"Màámi," ni Bọ̀sún wí, "òkèlè kan náà ti bà á jẹ́."

"Kó bàjẹ́. Kí fóònù máa kà á bó ṣe wù ú."

Ìyá Clement dé abọ́, ó jókòó tì í. Wọ́n fi omi ọlọ́sàn lọ̀ ọ́, ó ní ọsàn kì í ṣe ẹja, kí ló ń wẹ̀ nínú omi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Fúnminíyì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè bóyá wọ́n lè bu díẹ̀ fún òun, kí òun fi pamọ́ di aago kan.

"Rárá o," ni Ìyá Clement wí. "Abọ́ yìí kì í ṣe ti àlejò. Wá ẹni tí o ṣẹ̀, kí o lọ ra tìrẹ."

Aago kan lù, fóònù mẹ́rin ké lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìyàwó Akínọ̀ṣọ́ ṣí abọ́ wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ kan ìdí.

Lọ́jọ́ Ajé, aago méje, àpótí méjì wà lẹ́nu ọ̀nà ní Jakande. Ìyá Bọ̀sún ló sè lọ́jọ́ náà. Ó bu òkèlè kan gbé mì, ìyálé rẹ̀ bu òkèlè kan gbé mì, wọ́n dé abọ́ di ọ̀sán. Fóònù ké nílẹ̀ pé ó ti padà sí òdo, Ìyá Bọ̀sún dojú rẹ̀ dé.

Ìyá Dábírà ń gòkè bọ̀. Ó dúró. "Òkèlè kọ̀ọ̀kan péré? Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe nínú èèyàn?"

"Ó ti ṣe é," ni Ìyá Clement wí. "Sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún àwọn kan pé abọ́ ò tíì pín."